Ọmọ Tó Gbẹ̀mí Èèyàn, Ojú Ta Ló Yẹ Kó Tì?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní ní mò ń gbèjà ọ̀daràn. Bí ọmọdé bá gbẹ̀mí èèyàn, tí ọwọ́ òfin tẹ̀ ẹ́, tí adájọ́ sì dá a lẹ́bi, kí ló yẹ ká fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Ṣé ká pè é lójú ọjà kí tẹrú-tọmọ gbọ́ ni, àbí ká fi pamọ́? Láyé àwọn baba wa, bí ọmọ bá ṣẹ̀, bàbá rẹ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ tì. Láyé tiwa, bí ọmọ bá ṣẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ pé òun ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ tipẹ́. Àárín ayé méjèèjì yìí ni ọkàn mi ń lọ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní Sátidé, ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, ní Òkè Àrẹ̀gbà, nínú Abẹ́òkúta yìí, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kẹ́fín àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń dáná sun nǹkan nínú ìkòkò. Ara fu ú, ó gba tèṣan Adátán lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa débẹ̀, orí èèyàn ni wọ́n bá lórí iná: orí ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún, ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀kan nínú wọn. Ìyókù ara rẹ̀ ti wà nínú àpò, wọ́n ti lọ jù ú sínú ilé àtijọ́ kan. Nínú àwọn tọ́wọ́ bà, ẹni tó dàgbà jù kò ju ọmọ ọdún 20 lọ. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ògùn owó ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn pé níbo ló ti kọ́ ọ, ó ní orí Facebook ni.

Ẹ gbọ́ o. Láyé ìjọ́hun, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi á rìn lóru, á wá àgbà burúkú lọ sínú igbó, ẹ̀rù á máa bà á lọ́nà. Lónìí, ọmọ á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, á fi ìka ra fóònù. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn níhìn-ín, títí kan ọmọbìnrin tí wọ́n pa.

Àmọ́ àwọn mìíràn dárúkọ wọn. Ẹni tó bá ti débi tí wọ́n ti ń fojú afurasí hàn ní Eléwéẹran, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn, rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á tò wọ́n sílẹ̀, ẹlòmíràn láìwọ bàtà. Wọ́n á kó ẹ̀rí síwájú wọn nílẹ̀. Àwọn oníròyìn á na gbohùngbohùn sí wọn lẹ́nu: “Kí lorúkọ ẹ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Báwo lẹ ṣe pa á?” Ọmọ á máa dáhùn, kò ní sí agbẹjọ́rò nítòsí, kò ní sí bàbá, kò ní sí ìyá. Orúkọ àwọn ọmọ Òkè Àrẹ̀gbà jáde bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí wọn jáde, ojú wọn jáde, ti ọmọ ọdún 17 náà kò gbẹ́yìn. Kí adájọ́ kankan tó gbọ́ ẹjọ́, Èkó ti gbọ́, àwọn ará wa ní London ti gbọ́. Ní àkókò kan náà, ọwọ́ tẹ àwọn ọmọ ọdún 15 ní Bayelsa lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ fi èèyàn ṣe ògùn owó, orúkọ àwọn náà kò sì pamọ́.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà nílẹ̀. Ní ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ní 2006, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin yìí. A kò gbọ́dọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ jáde, a kò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún un, a kò gbọ́dọ̀ jù ú sẹ́wọ̀n àwọn àgbà. Ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn tó kọ òfin náà kì í ṣe òmùgọ̀: wọ́n mọ̀ pé ọmọ lè pààyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé ọmọ tó bá jẹ̀bi ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n há a mọ́ fún iye ìgbà tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Ìyà wà nínú òfin náà. Ìran wíwò ni kò sí níbẹ̀.

Ìran ni a sì fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Òkè Àrẹ̀gbà ṣẹlẹ̀, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn ní Pánsẹ́kẹ́, níbi tí àwọn tí kò ní rà á máa ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá arúgbó kan ka àkọlé tán, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n yẹgi fún gbogbo wọn ní Kútọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Bó bá jẹ́ pé owó náà wọlé ńkọ́, tí wọ́n fi ra jíìpù, tí wọ́n wá kí yín nílé pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ẹ ò ní gbàdúrà fún wọn?” Bàbá wò ó, kò fọhùn, ó ṣí ojú ewé kejì.

Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, ìyá ọmọ tó kú ńkọ́? Ọmọ rẹ̀, ta ló fi orúkọ tirẹ̀ pamọ́? Àwòrán ọmọbìnrin náà wà lórí gbogbo ìwé, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bi ara wọn pé kí ló gbé e dé ilé ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n pa kò rí ibòji, kí ló dé tí ẹni tó pa á fi máa rí i? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò ní fi ẹnu kan lásán fọ́ ọ. Ẹni tí kò bá bímọ tó kú kò mọ bó ṣe ń rí. Bí ìyá yẹn bá ní òun fẹ́ kí gbogbo ayé mọ ẹni tó sọ òun di aláìlọ́mọ, ta ni mo jẹ́ tí màá ní kó dákẹ́? Ohun tí mo kàn ń rò ni pé, nínú gbogbo ariwo tí a pa, kò sí èyí tí a pa nítorí tirẹ̀. A wo fídíò tán, a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, a lọ jẹun.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan nínú Ẹ̀gbá ní Ògbóni tirẹ̀ tó ń dájọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Olórí ẹbí ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Gbèsè lásán, bí ọmọ ilé kan bá jẹ ẹ́ tí kò san án, ológò lè wá jókòó tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, á máa jẹ, á máa mu, á máa pariwo, kò ní dìde títí wọ́n á fi dáwó jọ. Bí ti gbèsè bá rí báyìí, kí ni ká ti wí nípa ti ẹ̀jẹ̀? Ìdí nìyẹn tí gbogbo agboolé fi ń ṣọ́ ọmọ. Ìyá elépo tó wà lójúde lè na ọmọ tí kò bí, ìyá ọmọ á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lónìí, bí olùkọ́ bá bá ọmọ wí, bàbá á kó jàǹdùkú wá sílé-ìwé. Láyé àná, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, wọ́n ń fi tòsì fà á mọ́ra. Lónìí, ọwọ́ méjèèjì ló wà lórí fóònù.

Kí n má purọ́ fún yín: ayé ìgbà náà kì í ṣe ọgbà ìdẹ̀ra. Àwọn baba wa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè àgbà. Wọ́n jí ọmọ ọlọ́mọ tà nígbà ogun. Orò sì gbé ẹlòmíràn lọ tí kò padà. Ẹni tó bá ní ká padà síbẹ̀, kó máa nìkan lọ. Àmọ́ ìtìjú ní ilé tó ń gbé nígbà náà. Wọ́n ń fi ìtìjú ṣọ́ ọmọ kó má baà ṣe é. Àwa ń fi ìtìjú lépa ọmọ lẹ́yìn tó ti ṣe é tán. Ilé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ń pariwo orúkọ ọmọ kí ẹnikẹ́ni má baà wo ilé.

Ibí yìí gan-an ni ó ti ń dùn mí. Ẹní gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ta ló gba epo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ìbéèrè kan wà tí gbogbo bàbá Ẹ̀gbá ń bi ọmọ rẹ̀ bó bá mú nǹkan tuntun wálé, ìbáà ṣe bàtà: “Níbo lo ti rí i?” Ọmọ á ṣàlàyé, á tún un ṣàlàyé, bí àlàyé kò bá sì délẹ̀, bàbá á mú un lọ dá bàtà náà padà. Ìbéèrè yẹn ti kú nílé wa. Ohun tí a ń bi ọmọ báyìí ni pé, “Ẹgbẹ́ ẹ ti ń kọ́lé, ìwọ ńkọ́?” Ní 2019, Ibrahim Magu, tó jẹ́ ọ̀gá EFCC nígbà náà, figbe ta pé àwọn ìyá ọmọ yahoo ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyá ni o, ìyá! Abiyamọ tó yẹ kó ká ọwọ́ ọmọ kò, òun ló ń ṣe alága. Nígbà tó di oṣù Kejì 2022, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Òkè Àrẹ̀gbà, ilé-ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá ní kí ìjọba kéde pàjáwìrì lórí ìpànìyàn ṣòògùn, mínísítà ètò ìròyìn, Lai Mohammed, sì ní kí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ṣọ́ àwọn fíìmù ògùn owó. Ó dáa. Fíìmù lẹ́bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù kọ́ ló ń na owó lé olówó òjijì lórí ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe fíìmù ló ń pe ọmọ ọdún 22 tí kò níṣẹ́ sí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ìdájọ́ wa náà ń bà mí lẹ́rù. Ní 2010, ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni, adìẹ àti ẹyin sì wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n jí. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ó di oṣù Kejìlá 2024 kí Gómìnà Ademola Adeleke tó dárí jì í. Ẹni tó wọnú àtìmọ́lé lọ́mọdé ti di géńdé nínú yàrá àwọn tó ń dúró de okùn. Mi ò sọ pé olè dára, ìbọn sì ni ìbọn ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó owó ìlú jẹ ní ìpínlẹ̀ kan náà, oyè ló ń jẹ. Olè adìẹ ń dúró de okùn, olè àpótí owó ìlú ń dúró de fìlà oyè.

Àwọn tó wà lókè òkun náà kò tíì rí i yanjú, ẹ má jẹ́ ká rò pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Ọmọ wa ni Damilola Taylor, tí wọ́n bí l'Ékòó, tó dé London ní 2000. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un nítan ní Peckham, ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá ọdún náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe é, ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà náà. Ó di 2006 kí ilé-ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì fún wọn, orúkọ wọn sì gba ìgboro kan. Ní 2024, adájọ́ kan ní ilẹ̀ náà dárúkọ ọmọ ọdún 17 tó gún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké pa ní Southport, nítorí pé irọ́ ti gbilẹ̀ nípa ẹni tó ṣe é, irọ́ náà sì ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ní 2023, àwọn ọmọ ọdún 12 méjì fi àdá pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Wolverhampton. Nígbà tí wọ́n dájọ́ wọn ní 2024, adájọ́ mìíràn kọ̀, kò jẹ́ kí orúkọ wọn jáde. Orílẹ̀-èdè kan, ọdún kan, ìdájọ́ méjì. Ti Southport yẹn gan-an kò jẹ́ kí n sùn lórí ọ̀rọ̀ mi, torí ó fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ náà lè pààyàn. Ìgbà tí a kò bá dárúkọ ẹni tó ṣe é, ẹni tí kò ṣe é ni wọ́n máa dárúkọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: adájọ́ ló jókòó, tó wọ̀n ọ́n, tó sọ ìdí rẹ̀ kí orúkọ tó jáde. Kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tó fẹ́ kí gómìnà rí òun lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ Damilola ni ti bàbá rẹ̀. Richard Taylor lè fi ìyókù ayé rẹ̀ bú àwọn ọmọ yẹn lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Ó dá àjọ sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yẹn ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 2024. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó pa ọmọ rẹ̀ ni o. Ẹni tí ọ̀bẹ gé lọ́wọ́ ló ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ kí ọ̀bẹ má baà bọ́ sí i. Àwa tí ọ̀bẹ kò gé, kí là ń ṣe?

Ní Adìgbẹ níbí, Borstal kan wà, ilé àtúnṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀. Mẹ́ta péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà. Méjì yòókù wà ní Kaduna àti Ìlọrin. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 16 sí 21 ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òbí wọn ló fọwọ́ ara wọn mú wọn lọ síwájú adájọ́ pé apá àwọn kò ká wọn mọ́. Àwọn kan níbẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń jókòó ṣe ìdánwò WAEC. Orílẹ̀-èdè tó ní irú ilé yìí mẹ́ta ni o! Mélòó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ tó wà láàárín Adìgbẹ àti Pánsẹ́kẹ́ nìkan? Ọmọ tó bá sì jáde níbẹ̀ tó ti yí padà, tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Lafẹ́nwá, ọ̀gá á kàn tẹ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù, ojú rẹ̀ ìjọ́sí á yọ, pẹ̀lú ìkòkò níwájú. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fẹ́kùn pa jẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àwa ti lé e, a tún ń yà á ní fídíò bí ẹkùn ṣe ń bọ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fi jẹ adájọ́, mi ò ní fi ọmọ tó bẹ́ orí ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó máa lọ sílé lọ́la. Kó wà ní àhámọ́, kó pẹ́ níbẹ̀, kó dàgbà níbẹ̀. Ìyá ẹni tó kú á jókòó síwájú nílé-ẹjọ́, á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sọ tirẹ̀, á sì wo ojú ọmọ náà dáadáa. Òun ló ni ojú yẹn, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin. Bàbá àti ìyá ọmọ tó ṣe é náà á dìde dúró, wọ́n á sọ ìgbà tí wọ́n bi í ní “Níbo lo ti rí i?” kẹ́yìn. Bí àgbàlagbà kan bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, tó fẹ́ ra orí, tàbí tó júwe bí wọ́n ṣe ń sè é, ẹ gbé orúkọ tirẹ̀ jáde kó tóbi lójú ewé àkọ́kọ́.

Èkó ti fi òfin de fífojú afurasí hàn fún oníròyìn láti 2021. Kí Eléwéẹran kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyẹn kò nílò òfin tuntun, ti 2006 tó o. Oníròyìn tó bá sì ṣì ní gbohùngbohùn lọ́wọ́, kó gbé e lọ bá onílé tó gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 19 tí kò níṣẹ́, kó bi í pé kí ló rò pé ọmọ náà ń ṣe.